Ọjọ́ àti aago nínú GLib: ẹ wá sọ ibi tí ètò ti ń kọsẹ̀

Ará Aké

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi èdè C kọ ètò ní Abẹ́òkúta. Ẹ jẹ́ ká kó ohun tí ojú ti rí lórí ọjọ́ àti aago nínú GLib, láíbúrárì tí a ń lò pẹ̀lú C, jọ síbí. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ó bàjẹ́. Ẹ sọ iye tó wọlé, iye tó jáde, àti ohun tó fà á.

Orí oṣù ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Nínú struct tm, ohun tí C fúnra rẹ̀ ń kó ọjọ́ àti aago sí, Ṣẹ́rẹ́ ni 0, Ọ̀pẹ ni 11. Wọ́n ti yọ 1900 kúrò nínú ọdún, ìdí nìyẹn tí 2026 fi ń jẹ́ 126. GLib kò ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù 1 sí 12 ni g_date_time_new_local ń gbà, pẹ̀lú ọdún ní odindi. Ẹni tó bá kó tm_mon (oṣù inú struct tm) síbẹ̀ láìfi 1 kún un, Ṣẹ́rẹ́ á di oṣù 0, NULL (òfìfo, kò sí èsì) ni yóò sì gbà padà. Ìyẹn ṣì sàn, àṣìṣe ti fojú hàn. Àwọn oṣù mọ́kànlá tó kù ló burú: ọ̀pọ̀ ọjọ́ inú wọn á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, owó Èrèlè á bọ́ sínú Ṣẹ́rẹ́, kò sì ní sí ẹni tí yóò fura títí dìgbà tí wọ́n bá ń pín owó.

Ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ náà ní tirẹ̀. Nínú tm_wday, Àìkú ni 0. Lọ́dọ̀ g_date_time_get_day_of_week, Ajé ni 1, Àìkú sì ni 7.

Fún èsúsú oṣooṣù, ẹ ṣọ́ra fún g_date_time_add_months. Tí èsúsú bá bẹ̀rẹ̀ ní 31 Ṣẹ́rẹ́ 2026, oṣù kan lé e á fún yín ní 28 Èrèlè, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tún fi oṣù kan lé 28 Èrèlè yẹn, 28 Ẹrẹ̀nà lẹ máa rí. Ọjọ́ 31 ti sọnù nìyẹn, kò sì ní padà wá mọ́. Orí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti máa kà nígbà gbogbo: add_months(ìbẹ̀rẹ̀, 1), add_months(ìbẹ̀rẹ̀, 2), bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. GDateTime, irú dátà GLib tó ní ọjọ́ àti wákàtí nínú, kì í yí padà, tuntun ni ó ń bí nígbàkígbà tí ẹ bá fi nǹkan kún un. Ẹni tó bá kọ dt = g_date_time_add_months(dt, 1) láìṣe g_date_time_unref (láti tú u sílẹ̀) fún ti àtijọ́, ìrántí kọ̀ǹpútà lá máa jò díẹ̀díẹ̀.

Ará Ìtòkú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà ni èmi fẹ́ fi kún un, torí pé ìwé ìlò láíbúrárì kankan kò lè kọ́ ènìyàn ní ìyẹn.

Àwa Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Tí ìyá oníṣòwò bá ní ọrún ni ọjà òun, ọjọ́ mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fi kún un, kì í ṣe márùn-ún. Ọjà tó bọ́ sí Ajé, 2 Ẹrẹ̀nà 2026, Ẹtì, 6 Ẹrẹ̀nà ni ọrún rẹ̀. Ẹni tó bá fi 5 sínú kóòdù á gbé ọjà lọ sí Àbámẹ́ta, nígbà tí ọjà bá sì fi máa ná lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ti fi odindi ọjọ́ mẹ́rin ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàdógún: 16 ni ẹ ó fi kún un, kì í ṣe 17. Láti 2 Ẹrẹ̀nà yẹn, Ọjọ́rú, 18 ni.

GDate, tó ń kó ọjọ́ nìkan, ni kí ẹ lò fún èyí, kì í ṣe GDateTime. Ọjọ́ ọjà kò ní wákàtí nínú, ẹ má fún un ní wákàtí tí kò béèrè. Ẹ kọ́kọ́ ṣe g_date_clear(&d, 1), kí ẹ tó pe g_date_set_dmy(&d, 2, 3, 2026): ọjọ́ ló ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, ọdún gbẹ̀yìn, bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé. Iye ọjọ́ tó wà láàárín méjì, g_date_days_between ló ń sọ ọ́. Láti mọ ibi tí ọjọ́ kan bọ́ sí láàárín ọjọ́ mẹ́rin ọjà, ẹ ó fi 4 pín iye yẹn, ẹ ó sì wo ohun tó ṣẹ́kù. Tí iye yẹn bá kéré sí òdo, -3 % 4 nínú C á fún yín ní -3, kì í ṣe 1. ((n % 4) + 4) % 4 ni kí ẹ kọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi g_date_set_parse ka ọjọ́ láti inú fáìlì. Ètò èdè tó wà lórí kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀ lé. 03/02/1976 lè jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan, kó sì di 2 Ẹrẹ̀nà lórí òmíràn.

Ará Láfẹ́nwá

Èmi rò pé àgbègbè àkókò ló ń pa ènìyàn jù. Kò sí Abẹ́òkúta nínú àkójọ àgbègbè àkókò. Africa/Lagos ni orúkọ tí gbogbo Nàìjíríà ń jẹ́ níbẹ̀.

g_time_zone_new("Africa/Lagos") máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Linux. Tí fáìlì àgbègbè kò bá sí níbẹ̀, bíi Alpine (irú Linux kékeré kan) tí a kò tíì ṣe apk add tzdata fún, kò ní pariwo. Ṣe ni yóò rọra fún yín ní UTC, aago àpapọ̀ àgbáyé, tí tiwa fi wákàtí kan ṣáájú. Owó tí wọ́n san ní aago 12:30 òru, ọjọ́ kìíní oṣù, á di 23:30 ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù tó kọjá. Àwọn owó ọ̀sán kò ní ṣìnà sí ọjọ́ mìíràn, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ọ̀sán kì í fi í rí i. Láti GLib 2.68, g_time_zone_new_identifier ni kí ẹ lò: NULL ló ń dá padà tó bá kùnà, ẹ ó sì lè dá ètò dúró níbẹ̀. Lórí Windows, "W. Central Africa Standard Time" ni orúkọ tí wọ́n fún àgbègbè wa. Tí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà orúkọ méjì, "+01:00" ń ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì.

Ṣùgbọ́n fún òde òní nìkan ni "+01:00" yẹn o. 1 Owewe 1919 ni àkójọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa ní wákàtí kan gbáko ṣáájú UTC. Láti 1914 títí dé ìgbà yẹn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Kí ọdún 1905 tó dé, ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ni. Ẹ wo Ìwé Ìròhìn tó kọ́kọ́ jáde nílùú wa yìí ní 3 Ọ̀pẹ 1859. Tí ẹ bá fi "+01:00" kọ ọ́ sílẹ̀ ní òru 00:00, tí ẹlòmíràn wá fi Africa/Lagos kà á, 23:13:35, ọjọ́ kejì Ọ̀pẹ ni yóò rí. Ọjọ́ kan ti lọ. GDate ni ìwòsàn rẹ̀, bí ará Ìtòkú ṣe wí.

Ẹ fi àwọn iye wọ̀nyí dán ètò yín wò; iye ìṣẹ́jú-àáyá láti òru 1 Ṣẹ́rẹ́ 1970 ní UTC ni wọ́n. Òru 00:00 ní Abẹ́òkúta, 3 Èrèlè 1976, ni 192150000. Òru 00:00, 1 Ọ̀wàrà 1960, ni -291949200. localtime ti Windows kì í gba iye tó kéré sí òdo, NULL ló ń dá padà, torí náà ọjọ́ ìbí àwọn àgbà á dá ètò dúró. GLib fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìṣirò tirẹ̀, kò ní ìṣòro yẹn. Ẹ má sì fi %ld tẹ èsì g_date_time_to_unix jáde. Báìtì mẹ́rin péré ni long lórí Windows, kódà lórí èyí tó jẹ́ bíìtì 64. G_GINT64_FORMAT ni kí ẹ lò.

Ará Ìbarà

Ohun kan tó fi ń pẹ́ kí a tó rí àṣìṣe wa ni pé aago Nàìjíríà kì í yí síwájú sẹ́yìn. Fún wa, fífi ọjọ́ kan kún un àti fífi wákàtí 24 kún un bá ara wọn mu láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ. Ẹ gbé ètò náà fún oníbàárà ní Lọ́ńdọ̀nù kí ẹ wá wò ó. Àìkú, 29 Ẹrẹ̀nà 2026, aago 1 òru ń fò sí aago 2 níbẹ̀. 01:30 kò sí lọ́jọ́ náà rárá. g_date_time_add_days á mú aago kan náà dání di ọjọ́ kejì; g_date_time_add_hours pẹ̀lú 24 á mú un pẹ́ ní wákàtí kan. Àdéhùn ìfijíṣẹ́ aṣọ, ọjọ́ ni kí ẹ fi kà. Ohun tó ń sè lórí iná, wákàtí ni. Tí oníbàárà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ wákàtí, ẹ fi g_date_time_get_hour kà á padà, kí ẹ mọ̀ bóyá GLib ti sún un.

Ará Òwu

Ẹ tún rántí ọ̀rọ̀ iná. Kọ̀ǹpútà tí bátìrì aago rẹ̀ ti kú, tàbí èyí tí kò ní rárá, tí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì dá a padà, ọjọ́ àtijọ́ ló máa bá jí. Nígbà tó bá rí íńtánẹ́ẹ̀tì, aago á fò síwájú lójijì. Ètò tó ń fi g_get_real_time wọn bí aró ṣe pẹ́ tó lórí aṣọ, á sọ pé aṣọ ti wà nínú ìkòkò fún oṣù mẹ́ta. g_get_monotonic_time ni kí ẹ fi wọn iye àkókò: ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ló ń kà, kì í sì í tẹ̀ lé aago ògiri. Ẹ má kọ ọ́ sínú fáìlì ṣá o, torí tí kọ̀ǹpútà bá tún tan, ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn nìyẹn. Kí ètò tó kọ owó kankan sílẹ̀, kó kọ́kọ́ yẹ ọdún wò; tó bá kéré sí ọdún tí wọ́n ṣe ètò náà, kó kọ̀.

Ará Ìtòkú

Ó ku èyí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ oṣù ní Yorùbá, kó má fi %B sínú fáìlì, torí èdè tó wà lórí kọ̀ǹpútà ló ń pinnu ohun tí yóò jáde. Ẹ to orúkọ méjìlá yín sínú àtẹ, kí ẹ yọ 1 kúrò nínú èsì g_date_time_get_month láti yàn án. Ẹ sì fún un ní àyè tó tó: Ṣẹ́rẹ́ jọ lẹ́tà mẹ́rin lójú, báìtì 14 ló jẹ́ nínú UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kó lẹ́tà pamọ́), pẹ̀lú òdo ìparí ó di 15. Inú char[10] kò gbà á.