"Ègún ìran" kọ́ o

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí á máa pe ìyà tí ọmọ ń jẹ nítorí ìwà baba ní "ègún ìran". Ẹ dákun, kò bá mi lára mu.

Ẹnu ẹnìkan ni ègún ti ń jáde. Aláàfin Awólẹ̀ ta ọfà sí ìhà mẹ́ta, ó fi àwọn tó dalẹ̀ rẹ̀ gégùn-ún pé wọn yóò di ẹrú títí dé òkè òkun, ó wá fọ́ àwo mọ́lẹ̀: igbá là á sọ, a kì í sọ àwo. Bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921 nìyẹn. Ibẹ̀ yẹn, ègún ni lóòótọ́.

Baba tó yá owó láyé àtijọ́, tó wá fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà ńkọ́? Ta ló gégùn-ún níbẹ̀? Iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Ojú owó ò dín rárá.

Ẹlòmíràn mú Ẹ́kísódù wá, níbi tí Ọlọ́run ti "ń bẹ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn baba wò lára àwọn ọmọ". Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n lórí, ṣùgbọ́n lẹ́nu tèmi, aláìsàn là ń bẹ̀ wò, àti àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Àwọn baba wa ní ẹni tó gbin èbù ìkà, orí ọmọ rẹ̀ ni yóò hù lé. Ẹ wo èbù yẹn dáadáa: ara iṣu gan-an la ti gé e, kì í ṣe kóró tí ẹyẹ gbé wá. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dá mi lóhùn pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ojú ẹsẹ̀ ni eérú ń padà sójú ẹni tó dà á. Èbù ń dúró de òjò, ẹni tó gbìn ín sì lè ti kú kó tó ta.

Ìdí nìyí tí mo fi dá "àhùlé" lábàá: ohun tó hù lé ọmọ lórí láti inú èbù baba. Ìwọ̀fà yẹn kì í ṣe ẹni ègún, àhùlé ló ń rù. Bí a bá pè é ní ègún, orí òkè àdúrà ni yóò gbà lọ. Bí a bá pè é ní àhùlé, yóò béèrè iye tí baba òun yá àti ọwọ́ ẹni tó ti yá a.

Ẹni tó bá ní èyí tó dùn lẹ́nu jù ú lọ, kó mú un wá. Kó ṣáà má jẹ́ èyí tó ń fẹ́ wòlíì.