Gbogbo wọn ń rọ́ tẹ̀lé bọ́ọ̀lù bí adìyẹ tí wọ́n da àgbàdo fún

Olùbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ káàsán o. Ọmọ 14 ni mò ń kọ́ ní básíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ ọdún 9 sí 11. Apẹ̀rẹ̀ kan péré la ní, gíga ti àgbà. Bọ́ọ̀lù 4, ìwọ̀n nọ́ńbà 7 ni gbogbo rẹ̀. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí bọ́ọ̀lù wà ni gbogbo wọn ń rọ́ lọ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ jù ú sápẹ̀rẹ̀, láti ìbàdí ni wọ́n ti ń sọ ọ́ sókè. Kí ni ṣíṣe?

Kóòṣì Àgbà: Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má tíì bá ọwọ́ wọn wí, bọ́ọ̀lù ni kẹ́ ẹ wò. Ọkùnrin àgbà ló ni nọ́ńbà 7. Nọ́ńbà 5 ni tàwọn ọmọ wọ̀nyí, mítà 2.60 sì ni apẹ̀rẹ̀ wọn. Ti àgbà jẹ́ 3.05. Ọmọ tí agbára rẹ̀ kò gbé e débẹ̀ á kọ́kọ́ rẹ bọ́ọ̀lù wálẹ̀ kó lè rí ipá. Bí kò bá sí apẹ̀rẹ̀ kékeré, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì sára ògiri ní 2.60. Kí ọmọ dúró ní mítà kan síbẹ̀, ọwọ́ kan lábẹ́ bọ́ọ̀lù, ìgbúnwọ́ lábẹ́ ọwọ́, kí ọrùn ọwọ́ tẹ̀ síwájú lẹ́yìn tó bá jù ú. Bó bá bá àmì nígbà 5, kó sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. Bí bọ́ọ̀lù bá tún ti wálẹ̀ sí ìbàdí, ó ti jìnnà jù nìyẹn, ẹ dá a padà.

Ìyá Ìbejì: Ti rírọ́ yẹn, 5 sí 5 ló fà á. Ọmọ 10, bọ́ọ̀lù 1, ta ni ò ní sáré wá a? Ẹ fi 6 sídìí apẹ̀rẹ̀, 3 sí 3. Ẹ pín 8 tó kù sí ọ̀nà méjì: 3 ń páàsì, 1 ń lé wọn. Ẹ pààrọ̀ wọn ní ìṣẹ́jú 8-8. Ní 3 sí 3, kò sí dríbù rárá, ìyẹn kí ọmọ máa ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ẹni tó bá páàsì gbọ́dọ̀ sáré gba iwájú apẹ̀rẹ̀ kọjá, kí ẹlòmíì sì gba ààyè tó fi sílẹ̀. Bí ẹni méjì tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ kan bá dúró síbi tí wọ́n ti lè fọwọ́ kan ara wọn, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Kò ní pẹ́ tí ọmọ á fi rí i pé bí òun bá sún mọ́ bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń ṣọ́ òun lòun ń fà wá síbẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an mà. Ṣé wọn ò wá ní gbàgbé dríbù? Ẹnìkan tún ní kí n kọ́ wọn ní zone, kí kálukú máa ṣọ́ ààyè kan dípò ènìyàn.

Kóòṣì Àgbà: Ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fún dríbù. Kí ẹnìkejì máa na ìka sókè, kí ẹni tó ń dríbù máa pe iye rẹ̀. Ojú ò ní lè wo ilẹ̀. Ìdajì rẹ̀, ọwọ́ òsì. Zone kẹ̀? Ọmọ tó dúró sójú kan níwájú apẹ̀rẹ̀ ò ní mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ènìyàn. Kí kálukú pe orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi bí wọ́n ṣe ń dúró lẹ́yìn sísáré kún un: ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ pọ̀, orúnkún tẹ̀ díẹ̀. Àìmọ èyí ló ń jẹ́ kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù rìn.