Ọjọ́ tí Mápó dorí kodò

Ọmọ Aláró:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà nínú ohun tójú wa rí nígbà tí a gbé iṣẹ́ ọnà wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ aṣọ ni mo yàn láàyò nígbà tí mò ń ṣe HND. Wọ́n ní àfihàn iṣẹ́ àṣekágbá wa kò ní wáyé nínú gbọ̀ngàn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, kálukú pẹ̀lú ojú ewé tirẹ̀. Inú mi dùn. Mi ò ní sanwó férémù, mi ò sì ní gbé pátákó wọ Márúwá láti Sàngó.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo ṣe, èyí tí wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí aró má bàa mú ibẹ̀. Ẹ mọ ọ̀pó Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n máa ń yà sára àdìrẹ Ìbàdàndùn? Gbọ̀ngàn yẹn ti wà lórí òkè láti 1929. Ọ̀pó yẹn nìkan ni mo mú, mo fi ṣe odindi aṣọ tí èèyàn lè gbé kọ́ sára ògiri. Ẹ̀kọ láfún ni mo pò, ìyẹ́ adìẹ ni mo fi ya á, mo sì rì í sínú aró lẹ́ẹ̀mẹjọ kó tó dú bí mo ṣe fẹ́.

Ibi fọ́tò ni wàhálà wà. Mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lágbàálá wa ní Bẹẹrẹ ní aago méjìlá ọ̀sán, mo gun àga, mo yà á. Oòrùn pa aró mi. Ó wá dà bí yúnífọ́ọ̀mù tó ti ṣá. WhatsApp ni wọ́n tún ní ká fi ránṣẹ́, èmi ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì kó má bàa ba dídán fọ́tò náà jẹ́. Ìlà tó tínrín bí òwú, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra.

Lọ́jọ́ tí àfihàn bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà wa, tí wọ́n ti rẹ aró rí kí orúnkún tó dá wọn jókòó, gba fóònù. Wọ́n sún un mọ́jú, wọ́n sún un jìnnà.

"Ta ló dorí Mápó kodò? Àbí ó ti wó ni?"

Òótọ́ ni o! Lórí fóònù mi ó dúró dáadáa. Lójú ewé yẹn, ìdí ọ̀pó ló wà lókè. Ilé rẹ́rìn-ín títí, èmi ò rí nǹkan rín. Ẹni tó ń bójú tó ojú ewé náà ní inú fáìlì ni fóònù máa ń kọ ọ́ sí pé apá ibí ni òkè, ojú ewé àwọn ò sì kà á. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Mápó fi dorí kodò!

Mo tún un yà ní ìdájí, lábẹ́ ìbòòji, ìyá àgbà di etí aṣọ mú. Wọ́n ní kí n má gé ọwọ́ àwọn kúrò. Fọ́tò ọlọ́wọ́ yẹn ni obìnrin kan ní Bódìjà rí tó fi pè mí.

Gíráfíìsì Agbowó:
Tèmi kéré. "Final final 2" ni mo pe fáìlì mi. Ohun tí ọmọ kíláàsì mi kan náà pe tirẹ̀ nìyẹn. Bí páálí láfún tí mo ṣe ọnà rẹ̀ ṣe bọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Oníbàárà pè é. Ọmọlúàbí ni, ó fún wọn ní nọ́ńbà mi, àmọ́ ó ti bá wọn dúnàádúrà tán kó tó fún wọn. Owó kékeré tí mi ò lè pè láé! Mo ṣe é bẹ́ẹ̀.

Oníṣìmẹ́ǹtì:
Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín tẹ́jú náà ń ráhùn? Ère ni tèmi, ẹ̀yìn rẹ̀ ló dùn-ún wò jù. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sínú báárò, mò ń tì í yí ère ká, ó ń fi fóònù ká a. Wọ́n ní àwọn ò gba fídíò. Mo gé fọ́tò mẹ́fà jáde nínú rẹ̀. Òjìji báárò wà nínú ọ̀kan, títí dòní ni àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ni báárò yẹn dúró fún.