Ta ni ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ti dà láàmú tí kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí?

Ọmọ Ìlódè: Ó pẹ́ tí àbúrò mi obìnrin ti ń ya ẹ̀jẹ̀. Agbo jẹ̀díjẹ̀dí àti oògùn ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni a fi ń tọ́jú rẹ̀, kí dókítà tó sọ fún wa pé ìfun ńlá rẹ̀ ló wú tí ó sì degbò, èyí tí wọ́n ń pè ní ulcerative colitis. Ta ló ti rí irú rẹ̀ rí?

Ìyá Ìbejì: Èmi nìyí. Ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ikun ni mo ń yà, inú a sì máa lọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kì í lè wọ mọ́tò láti Mọdákẹ́kẹ́ dé Sábó pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba ìdí wọ inú ìfun mi, tí wọ́n sì já ẹran bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, ni ọ̀rọ̀ tó yanjú. Lẹ́yìn náà ni olùwádìí kan bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní ìgbẹ́ mi nínú ike, kí òun lè mọ irú bakitéríà tí ń gbé inú rẹ̀. Ni ìyá ọkọ mi bá fárígá pé ẹnikẹ́ni kò ní gbé ìgbẹ́ ìyàwó òun lọ síbi tí òun kò mọ̀.

Bàbá Àgbẹ̀: Ìyá ọkọ yín kò jẹ̀bi rárá.

Ọmọ Ọbòkun: Kí ni ènìyàn fẹ́ fi ìgbẹ́ ṣe? Bí ó bá jẹ́ irun orí ni, ǹ bá bá yín bẹ̀rù.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ jọ̀ọ́, kò sí awo níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 132 ni wọ́n tọ̀ lẹ́yìn fún ọdún kan, tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ wọn ránṣẹ́ láti ilé ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Àbọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Nature ní 2019. Nígbà tí àìsàn náà bá gbéra sọ, Faecalibacterium prausnitzii, bakitéríà kan tí ń pèsè oúnjẹ fún awọ inú ìfun, a máa dín kù, bakitéríà mìíràn tí ń jẹ́ E. coli a sì máa pọ̀ sí i. Èwo ló fa èkejì ni wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí.

Bàbá Àgbẹ̀: Ta ni yóò ru ìgbẹ́ dé ilé ìfìwéránṣẹ́ Ifẹ̀?

Ọmọ Ọbòkun: Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti bakitéríà tó dára, omídùn ògì tí àwọn ìyá wa ń lò ní Iléṣà ti parí iṣẹ́. Kí àbúrò máa mu ún.

Ìyá Ìbejì: Mo mu ún títí, ẹ̀jẹ̀ kò dá.

Akẹ́kọ̀ọ́: Lactobacillus ló wà nínú omídùn, ẹ̀gbọ́n. Faecalibacterium tí mo dárúkọ kò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá, kò sì lè gbé inú ìkòkò ògì.

Bàbá Àgbẹ̀: A ti ń mu omídùn kí wọ́n tó bí ìwọ Akẹ́kọ̀ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́: N kò bú omídùn, sà. Oògùn apakòkòrò tí à ń rà ní kẹ́míìsì láìsí àyẹ̀wò ni mo ń bá jà, nítorí ó ń pa bakitéríà rere pọ̀ mọ́ búburú.

Ọmọ Ìlódè: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mesalazine, oògùn tí ń mú kí ìfun tó wú rọlẹ̀, ni wọ́n kọ fún un. Níbo ni ẹ ti ń rí i rà, Ìyá Ìbejì?

Ìyá Ìbejì: Ní Lágere, bí ó bá wà. Bí kò bá sí, Ìbàdàn ni a ń ránṣẹ́ sí, ẹ má sì jẹ́ kí èyí tó wà nílé tán kí ẹ tó wá òmíràn.