Olóṣì kọ́, òtòṣì ni

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ẹ̀kọ́ ìtàn fún àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù fi àkòrí ránṣẹ́ síbí: "Ayé Olówó àti Ayé Olóṣì ní Ìgbà Àwọn Tudor", ìyẹn ìdílé ọba tó jẹ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Wọ́n ní olówó àti olóṣì bára mu. Ó dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn rárá.

"Oní" inú olóṣì ló ń bí mi nínú. Ẹni tó ní owó là ń pè ní olówó. Ta ló wá fi òṣì ṣe ohun ìní? Inú "tòṣì" ni òtòṣì ti jáde: nǹkan dé bá a. Nǹkan sì dé bá àwọn òtòṣì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onílẹ̀ sọgbà yí ilẹ̀ tí ará abúlé jọ ń lò ká, wọ́n da àgùntàn sí i, torí irun àgùntàn ń pa owó. Láàárín 1536 sí 1540, Ọba Henry VIII ti ilé àwọn mọ́ǹkì, àwọn ọkùnrin tó fi ayé wọn fún ẹ̀sìn Kristi, pa, ibẹ̀ sì làwọn arúgbó àti aláìsàn ti ń rí oúnjẹ gbà. Lábẹ́ òfin 1531, bí ẹni tára rẹ̀ le bá ń ṣagbe, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n á so ó mọ́, wọ́n á nà án títí ẹ̀jẹ̀ á fi bo ara rẹ̀. Ẹni tójú rẹ̀ rí tó báyìí, ẹ tún fẹ́ fi èébú pè é níwájú ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ?

Ẹnìkan fèsì pé "oní" wà nínú aláìsàn náà. Ó wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pe èèyàn ní aláìsàn lọ́jà, kẹ́ ẹ tún pe òmíràn ní olóṣì, kẹ́ ẹ wo èwo ni yóò dìjà. Ìyá mi àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó kì í jẹ́ kó jáde lẹ́nu wa. "Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ò tẹ́nu" ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì ti máa wọn gààrí sí abọ́ onítọ̀hún kó tó béèrè.

Olówó pàápàá kò ṣe rẹ́gí. Nínú ìkéde tí Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ṣe ní 1574 lórí aṣọ wíwọ̀, oníṣòwò ì báà lówó bí òjò, ṣẹ́dà elésè àlùkò kò tọ́ sí i. Oyè ló ń sọ ẹni tó lè wọ̀ ọ́. Ọlọ́lá ni kẹ́ ẹ kọ.

Ẹni tó túmọ̀ pottage, oúnjẹ ìgbà náà, sí àsáró, iṣu wo ló wà nínú rẹ̀? Ọkà bálì, ẹ̀wà àti ewébẹ̀ ni wọ́n ń sè pọ̀ títí á fi ki. Ní ti ọ̀rọ̀ náà "tálákà" tí wọ́n ní ká yọ kúrò torí pé inú èdè Háúsá ló ti wá, ṣé a ó yọ "àlùbọ́sà" tó ti ibẹ̀ wá náà kúrò ni?