Ẹ gbà mí o: ìjókòó àwọn aṣòfin ń ru ẹ̀jẹ̀ mi sókè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Òṣogbo ni mo wà, aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Ìgbọ̀nà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí dókítà ti ní kí n jókòó sílé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò gbọdọ̀ sí ẹrù gbígbé, kò gbọdọ̀ sí ìrònú. Mo gbà. Ọmọ iṣẹ́ mi ń bá mi tajà, èmi wà lórí àga ní pálọ̀.

Kí ni ẹni tó jókòó láti àárọ̀ fẹ́ máa ṣe? Mo tan tẹlifíṣọ̀n, bí mo ṣe kó sọ́wọ́ ìjókòó ìwádìí l'Ábújá nìyẹn. Wọ́n bi ọ̀gá kan pé níbo lowó wọlé sí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ alága. Wọ́n tún bi í. Ó ní ìbéèrè náà dára. Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní akáǹtáǹtì òun ló mọ̀ ọ́n, akáǹtáǹtì sì ti rìnrìn àjò. Ni alága bá sún ìjókòó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀! Èmi tí ṣéńjì ẹgbẹ̀rún méjì bá sọnù ní ṣọ́ọ̀bù, oorun ò ní kùn mí lọ́jọ́ náà.

Mo wọn ẹ̀jẹ̀ mi lójú ẹsẹ̀: 164/102. Bàbá àwọn ọmọ ti ki rìmóòtù bọ àpò agbádá rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí aṣòfin sọ òun di opó. Ṣé kí n gbà fún un ni?

Ìyá Ìbejì Òkè-Baálẹ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa, Ọlọ́run á fọwọ́ tọ́ yín. Ọkọ yín ṣeun. Ẹ tan rédíò OSBC, ẹ máa gbọ́ Yorùbá yín jẹ́jẹ́.

Ọmọ Ògo-Olúwa: Ẹ má gbà o, mọ̀mí! Ṣé ẹ rántí July 20, 2020? Wọ́n ń wádìí owó NDDC, àjọ ìjọba tó wà fún ìdàgbàsókè Niger Delta, ọ̀gá àgbà fìdíhẹ ibẹ̀ dákú sórí àga bí ìbéèrè ṣe ń lọ. Ọjọ́ kan náà ni mínísítà ọ̀rọ̀ Niger Delta ní àwọn aṣòfin fúnra wọn ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kọngílá àjọ náà, ni wọ́n bá ní ó tó, kó pa maìkì. Ká ní kò sí kámẹ́rà níbẹ̀, ta ni ì bá sọ fún wa?

Bàbá Afẹ̀yìntì: Ìyá, ohun tó ń bí yín nínú ni pé ẹ rò pé kóòtù lẹ̀ ń wò. Abala 88 ìwé òfin 1999 ní kí wọ́n wádìí kí wọ́n lè ṣòfin, kí wọ́n sì lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ àti ìnákúnàá. Abala 89 ní wọ́n lè ránṣẹ́ pe ènìyàn, wọ́n lè ní kí wọ́n fi tipá gbé e wá bó bá kọ̀. Ẹjọ́ olè kò sí lọ́wọ́ wọn. EFCC tàbí ICPC, àwọn àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ló ń gbé ìyẹn lọ sí kóòtù. Ẹ má retí ìdájọ́ níbẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún pípẹ́ kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, iye owó àti ọjọ́ tí wọ́n san án ni mo máa ń tẹ́tí sí. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ariwo, mo máa ń lọ mu omi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ fi aṣòfin sílẹ̀ ná. Ṣé ẹnu ìbínú lẹ ti wọn ẹ̀jẹ̀ yẹn? Ẹ jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ọwọ́ lórí tábìlì, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ àti lálẹ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Ẹ má fo oògùn o. Bó bá tó 180/120, tí àyà ń dùn yín tàbí tí ojú ń ṣe bàìbàì, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Aláṣọ Ìgbọ̀nà: Ẹ ṣé gan-an. Láàárọ̀ yìí, tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa, mo bá 138/86. Mo gba ti Bàbá Afẹ̀yìntì, mo ti ní ìwé kékeré tí mò ń kọ iye owó sí. Ṣùgbọ́n bàbá àwọn ọmọ tó gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi ló wà ní pálọ̀ báyìí tó ń pariwo, "Dáhùn ohun tí wọ́n bi ẹ́!" Mo ní kó pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú 5, mo wọn tiẹ̀: 158/96. Nọ́ọ̀sì, kò lo oògùn kankan rí. Ṣé kí n mú un lọ rí dókítà ni, àbí kí n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n fún ọjọ́ mélòó kan?