Àbájáde: mirror dátábéèsì tó ń fi “stale” hàn ti padà bọ̀ sípò

Ẹ ṣeun gbogbo yín tí ẹ dáhùn ìbéèrè mi lórí mirror (ẹ̀dà dátà kan náà lórí dísíìkì méjì) tó ń fi “stale” hàn, ìyẹn pé ẹ̀dà kan ti pẹ́ sẹ́yìn èkejì. Sáfà AIX (ètò iṣẹ́ IBM) wa ló ń kọ àṣìṣe LVM_SA_STALEPP sínú errpt (àkọsílẹ̀ àṣìṣe rẹ̀), tí àṣẹ lsvg -l datavg sì ń fi “open/stale” hàn fún datavg, àkójọ dísíìkì dátábéèsì náà.

Àṣẹ syncvg (tó ń mú àwọn ẹ̀dà bára mu) tí ẹ kọ́kọ́ ní kí n lò kò ran iṣẹ́ náà. Ẹni tó ní kí n fi lsvg -p wo dísíìkì kọ̀ọ̀kan ló gbá a mú: “missing” ni hdisk3 wà. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, okùn rẹ̀ ti yọ díẹ̀. Bí mo ṣe tì í wọlé, ó dún “kó”. Síbẹ̀, “missing” kò kúrò àfi ìgbà tí mo lo varyonvg datavg (àṣẹ tó ń mú àkójọ náà ṣiṣẹ́, tó sì ń dá dísíìkì tó sọnù padà sínú rẹ̀), láìdá dátábéèsì dúró. Ìgbà náà ni syncvg -v datavg tó ṣiṣẹ́. Òru ni kí ẹ ṣe é o, ó ń fa dísíìkì lọ́wọ́ sẹ́yìn gan-an. STALE PPs (iye ìpín dísíìkì tó ṣì jẹ́ “stale”) ti di 0.

Ó ku quorum, òfin pé ohun tó ju ìdajì àwọn VGDA (àkọsílẹ̀ nípa àkójọ náà tó wà lórí dísíìkì) gbọ́dọ̀ wà kí àkójọ náà tó lè máa ṣiṣẹ́. Dísíìkì méjì péré ló wà nínú datavg. Bí èyí tó ní VGDA méjì bá kú, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Màá fi chvg -Qn pa quorum tí mo bá ti ṣe bákọ́ọ̀pù tán.